Ìdáhùn Láàárín Ìṣẹ́jú Kan

Iṣẹ́ wo ló ń jẹ́ iṣẹ́ tí kì í parí? Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè. Ẹni tó ń kọ́lé, bí ilẹ̀ bá ṣú, á sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀, á fọ ẹsẹ̀, á gba ilé lọ. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ á pa ọkọ̀, á sọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Ṣùgbọ́n Bàbá Aláròyé tó ń kọ kóòdù sínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ń bá a jẹun, iṣẹ́ ń bá a wọ balùwẹ̀, iṣẹ́ ń bá a sùn. Àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún un sì ní kó máa dúpẹ́, wọ́n ní ó lómìnira, torí pé ilé ló ti ń ṣe é. Òmìnira, kẹ̀! Kí wọ́n kọ́kọ́ wá wo ojú rẹ̀ ná.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, aago méje ò tíì lù tí Nọ́ọ̀sì fi wọlé tọ̀ wọ́n wá. Iyàrá rẹ̀ ló kọjú sí tiwọn ní òkè kejì. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó so aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ Bàbá Aláròyé lápá, ó ń fún un, gbogbo ilé dákẹ́. Àní ọmọ wọn obìnrin dákẹ́, ọmọ ọdún méje tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tí gbogbo ará ilé sì ń torí ẹ̀ pè ní Aláròyé.

"Mélòó ni, mà?" Ìyá Aláròyé ló bèèrè.

Nọ́ọ̀sì tún ojú ẹ̀rọ náà wò. Ó tú aṣọ náà, ó tún un so, ó tún fún un. "Mẹ́rìnlélọ́gọ́sàn-án lórí mẹ́rìndínlọ́gọ́fà," ó wí níkẹyìn. "Bàbá Aláròyé, èyí kì í ṣe nǹkan téèyàn ń gbé kiri. Ò ń lo oògùn rẹ?"

"Mò ń lò ó, mà."

"Oorun ńkọ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Má bá mi rẹ́rìn-ín o. Mo ti tọ́jú àwọn tí tiwọn ò tó báyìí tí ẹnu wọn yí sápá kan, tí wọn ò lè gbé ṣíbí mọ́. Bí o ò bá sùn dáadáa lọ́sàn-án òní, ohun tó máa ṣẹlẹ̀, mi ò ní í sọ ọ́ níwájú ọmọ."

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀, mà?" Aláròyé bèèrè.

"Lọ fọ ẹnu ẹ."

Wọ́n ní ètò nínú ilé yẹn o, ẹ má rò pé wọn ò ní. Lókè tábìlì tí Bàbá Aláròyé ti ń ṣiṣẹ́, páálí kan wà lára ògiri, ìyàwó rẹ̀ ló gé e lára páálí òwú ìránṣọ, tó sì fi bírò aláwọ̀ dúdú kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: aago méje àárọ̀, kó rìn yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, aago mẹ́jọ, iṣẹ́, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kó dìde nasẹ̀, aago kan, oúnjẹ, lẹ́yìn oúnjẹ, oorun títí di aago méjì àbọ̀, aago méje alẹ́, kó pa kọ̀ǹpútà. Nísàlẹ̀ pátápátá, Aláròyé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Kí Dádì bá mi ṣeré," kò fi aago sí i.

Bàbá Aláròyé sọ̀ kalẹ̀ lọ rìn. Dírẹ́bà, bàbá arúgbó tó ń gbé nísàlẹ̀, ti gbé àga síta bí ìṣe rẹ̀. "Injiníà, ibi iṣẹ́ lẹ forí lé yẹn? Ẹ yára o, kí ọkọ̀ má fi yín sílẹ̀!" Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Lójú àwọn ará ilé, ọkùnrin tó ń sùn lọ́sàn-án gangan ni, tí aṣọ tí ìyàwó ń rán ń bọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé aago mẹ́rin ìdájí ló ti wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó rìn yípo lẹ́ẹ̀kan, fóònù ké lápò rẹ̀, ó sáré padà sókè.

Ọ̀rọ̀ fóònù yìí gan-an ni ìjọ̀gbọ̀n. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ni áàpù tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Bí nǹkan bá ṣe áàpù náà, ìpè á wọlé sórí fóònù Bàbá Aláròyé, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ "Mo ti gbọ́" láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́, àwọn yòókù á fọkàn balẹ̀, wọ́n á gbà pé ó ti wà nídìí ẹ̀. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá tí kò tẹ̀ ẹ́, ìpè á lọ bá ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé tirẹ̀. Wọn ò rí ẹni náà rí, Ẹnìkejì ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Ẹni tó bá sì jẹ́ kí ìpè kọjá lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi àmì sí i lórúkọ. Bí àmì bá di mẹ́ta, kó máa kó ẹrù rẹ̀. Bàbá Aláròyé ti gba méjì.

Lẹ́yìn àmì kejì ni ìyàwó rẹ̀ gba fóònù. Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí. Bí ọkọ bá ń jẹun, tó bá ń wẹ̀, tó bá dùbúlẹ̀, ìyàwó á gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ, á máa bá a tẹ̀ ẹ́. Ọkọ ti kọ́ ọ. Bí ìpè bá jẹ́ yẹ́lò, kó tẹ̀ ẹ́ kó fi sílẹ̀, nítorí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń lọ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pupa, kó jí òun, ì báà ṣe pé ọṣẹ wà lójú òun. Wọn ò sọ ọ́ lẹ́nu fún ẹnikẹ́ni, torí pé ilé iṣẹ́ ò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan fóònù náà. Bí wọ́n bá gbọ́, ọjọ́ yẹn gan-an niṣẹ́ tán.

Nígbà tí aago kan lù, Ìyá Aláròyé bu ìrẹsì, ó fi ẹyin méjì lé e. Bàbá Aláròyé jẹ ìdajì, ó ní ó tó òun. Kò jiyàn, ó wọ iyàrá lọ dùbúlẹ̀, ìyàwó gbé fóònù.

Ní aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìpè wọlé. Ìyá Aláròyé na ọwọ́ sí i bó ṣe máa ń ṣe, ojú rẹ̀ wà lára apá aṣọ tó ń rán. Ìgbà tó wò ó, pupa ni.

Ó sọ aṣọ náà sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà iyàrá. Ọkọ rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fi ọwọ́ kan sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọmọdé. Kì í ṣe oorun tó máa ń sùn tẹ́lẹ̀ nìyí, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ á máa gbọ̀n, tí á máa dáhùn ohun tẹ́nìkan ò bi í. Oorun gidi ni. Ìgbà wo ló ti rí i tó sùn báyìí gbẹ̀yìn? Fóònù tún ké lọ́wọ́ rẹ̀, ó yára fi àtàǹpàkò dí ibi tí ohùn ti ń jáde. Mẹ́rìnlélọ́gọ́sàn-án. Ẹnu á yí sápá kan. Ìṣẹ́jú kan ti ń pé lọ. Ó na ọwọ́ sí èjìká ọkọ rẹ̀, ó fà á padà.

Ó tẹ "Mo ti gbọ́."

Ó ní kó ṣáà fi ogún ìṣẹ́jú kún oorun náà. Nígbà tí ogún pé, ó ní kó fi mẹ́wàá sí i. Ó padà sídìí máṣíìnì, ó ran apá aṣọ oníbàárà mọ́ ibi tí kò yẹ, ó tú u, ó tún ràn án síbẹ̀ náà. Lóde ibẹ̀, ní gbogbo ibùdókọ̀, àwọn èèyàn tó gbé báàgì lé orí ń tẹ fóònù tẹ fóònù, tíkẹ́ẹ̀tì ò jáde, bọ́ọ̀sì ń lọ láìgbé wọn. Àwọn tó sì yẹ kó tún un ṣe jókòó jẹ́jẹ́ wọn, torí wọ́n rí i pé ẹnìkan ti ní òun ti gbọ́.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Bàbá Aláròyé jí fúnra rẹ̀. Ó jáde wá, ó ń nara, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá Aláròyé, mo sùn o! Mo sùn gan-an lónìí. Kò sí wàhálà?"

Ìyàwó rẹ̀ na fóònù sí i. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ìgbà wo lèyí wọlé?"

Ìyàwó rẹ̀ jókòó padà sídìí máṣíìnì.

"Mo ní ìgbà wo?"

"Aago kan kọjá ogún."

"O rí i pé pupa ni?"

Ìyá Aláròyé ń ká òwú mọ́ ìka rẹ̀, ó ń tú u.

"O rí pupa, o wá tẹ̀ ẹ́! Bí o bá mọ̀ pé o ò ní í jí mi, kí ló dé tí o ò fi í sílẹ̀? Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ì bá ti lọ bá Ẹnìkejì! Àádọ́ta ìṣẹ́jú! Ṣé o mọ ohun tó ń jẹ́ àádọ́ta ìṣẹ́jú?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní tó bá lọ bá Ẹnìkejì, wọ́n á fi àmì sí yín."

"Àmì sàn ju èyí lọ!"

"Àmì kẹta?"

Ọkọ rẹ̀ gbé fóònù kalẹ̀. Ló bá fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi ni? Sọ fún mi, àbí ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

"Mo fẹ́ kí o wà láàyè ni!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Lórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbọ́ ohùn Dírẹ́bà tó ń bá ẹnìkan sọ ọ́ pé, "Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan láti àárọ̀ náà ló ń pariwo yẹn. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀." Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn wọn wọlé láìkàn án, ẹ̀rọ rẹ̀ wà lọ́wọ́. Bàbá Aláròyé káwọ́ sókè. "Ẹ má wọn nǹkan kan o, mà. Bí mo bá gbọ́ iye tó jẹ́, á tún lọ sókè ni."

Ó sáré sídìí kọ̀ǹpútà. Gbogbo nǹkan ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnìkejì ló rí i lórí ẹ̀rọ ayélujára pé àwọn èèyàn ń ṣépè, ló bá wọlé fúnra rẹ̀, ó tún un ṣe, ó wá kọ ọ̀rọ̀ kékeré sílẹ̀ fún un: "Mo ti yanjú ẹ̀. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Kò bú u, kò béèrè ibi tó wà. Bàbá Aláròyé ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kó tó dáhùn, ọ̀rọ̀ mìíràn ti wọlé: Ọ̀gá fẹ́ rí i nípàdé lórí kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́rin.

Ọwọ́ pálábá wọn ti ségi. Bí àwọn méjèèjì ṣe rò ó nìyẹn.

Láti ìgbà yẹn títí di aago mẹ́rin, ẹ̀rù ló ń bá wọn gbé iyàrá náà. Ọkọ ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń dán irọ́ wò. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ, mà. Rárá, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tẹ̀ ẹ́ tán ni inú bá ń run mí, mà. Fún àádọ́ta ìṣẹ́jú? Háà." Ìyàwó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí yóò wọ̀, kò bá a lọ ṣòkòtò, torí kámẹ́rà kì í rí ìsàlẹ̀. Ó lọ kọ́là náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

"Dádì, ṣé wọ́n máa nà yín ni?" Aláròyé bèèrè.

"Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n máa nà mí?"

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó jókòó síwájú kámẹ́rà nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò péńpé. Ìyàwó rẹ̀ fa ọmọ mọ́ra sẹ́yìn kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ojú mẹ́ta yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá ló wà láàárín, obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí ti Bàbá Aláròyé dáadáa. Kì í pariwo, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ. Ohùn yẹn gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ fi ń ba gbogbo wọn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ fara balẹ̀. Ti ọ̀sán yìí, ẹ jẹ́ ká gbé e tì ná. Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe."

"Ẹ ṣé, mà."

"Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀sán yìí ṣẹlẹ̀, a lọ wo àkọsílẹ̀ yín. Láàárín oṣù mẹ́ta, ìpè irínwó ó lé méjìlá ló wọlé sọ́dọ̀ yín. Bọ̀ọ̀dá mi, gbogbo ẹ̀ lẹ dáhùn láàárín ìṣẹ́jú kan! Lọ́sàn-án, lóru, ní ìdájí. Mi ò rí irú ẹ̀ rí níbi iṣẹ́ yìí."

Bàbá Aláròyé ò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

"A ti jọ sọ ọ́ láàárín ara wa. Kí èèyàn méjì máa pín ìṣọ́ kan ṣe, ìnákúnàá ni. Ẹ ti fi hàn wá pé ẹnìkan tó. Láti ọjọ́ Ajé, ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa gbà á."

"Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ńkọ́, mà?"

"A ti bá a sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́ta. Ó ti lọ."

"Òun ló tún un ṣe lónìí, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkọsílẹ̀ tiẹ̀, láti ọjọ́ tó ti dé, ìpè tó dáhùn ò ju méjì lọ."

Báwo ni yóò ṣe ju méjì lọ, ẹ̀yin èèyàn mi? Ìpè wo ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nígbà tí obìnrin kan ti fi ẹsẹ̀ lé máṣíìnì, tó fi ọwọ́ lé fóònù, tí kò jẹ́ kí ọ̀kankan kọjá? Ìyá Aláròyé gbọ́ ọ lẹ́yìn kọ́tìnì.

"Ó ku nǹkan kan," Ọ̀gá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń ráhùn, wọ́n ní àwọn ò róorun sùn, àwọn ò ráyè jẹun. Mo fẹ́ kí ẹ kọ ètò ọjọ́ yín sílẹ̀ fún wọn. Ìgbà tí ẹ ń jẹun, ìgbà tí ẹ ń sinmi, gbogbo ẹ̀ pátá. Kí wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe."

Bàbá Aláròyé gbé ojú sókè wo páálí ara ògiri. Ìyàwó rẹ̀ ń dúró de ohun tí yóò sọ. Ó mọ̀ pé bó bá gbà, oorun ọ̀sán òní ni yóò jẹ́ ìgbẹ̀yìn, kò ní í tún sí irú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá ń gba gbogbo ìpè náà lọ́sàn-án lóru, kódà bí àwọn bá jẹ́ méjì, yóò ṣubú.

"Ẹ ṣé, mà," ọkọ rẹ̀ wí. "Màá kọ ọ́."

Ìyá Aláròyé ò mọ ìgbà tí òun ṣí kọ́tìnì. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọkọ rẹ̀, téèpù tí ó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Èmi ni ìyàwó ẹ̀."

"Padà sẹ́yìn," ọkọ rẹ̀ sọ fún un láàárín eyín. "Mo bẹ̀ ẹ́."

"Kò lè kọ ọ́ fún yín, mà, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń gbà á. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Tó bá ń jẹun, èmi ni. Tó bá sùn, èmi ni. Tọ̀sán òní náà, èmi ni, mo rí i pé pupa ni, ẹ̀rù bà mí láti jí i. Èèyàn méjì lẹ rí tí ẹ kà sí ẹyọ kan yẹn, mà. Ohun tí ìfúnpá ẹ̀ láàárọ̀ yìí lè fà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ò lè sọ ọ́ níwájú ọmọ. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ yìí fún ẹnìkan ṣoṣo, òun tàbí ẹlòmíràn, ẹ máa pa á ni."

Ojú Ọ̀gá ò yí padà. "Láti ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́ta."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé òótọ́ ni?"

Ó ṣì lè sẹ́. Ó lè ní orí ìyàwó òun ò pé, ó lè rẹ́rìn-ín kó lé e jáde. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì.

"Òótọ́ ni, mà."

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ máa gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa."

Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé lọ, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí kọ̀ǹpútà fi ní kí Bàbá Aláròyé sọ ẹni tó jẹ́. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ó tún un kọ, kọ̀ǹpútà tún ní òun ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti yọ ọ́ níṣẹ́ nìyẹn.

Ìyá Aláròyé dúró pé kí ọkọ rẹ̀ pariwo. Kò pariwo. "Ẹ bú mi," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà sọ nǹkan."

"Ó rẹ̀ mí," ni Bàbá Aláròyé sọ.

Ó kúrò lórí àga, ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja lórí síméńtì, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀, kò dúró de ìrọ̀rí. Kí ìyàwó tó gbé ìrọ̀rí dé, ó ti dijú. Kò mira. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn.

"Mọ́mì, ṣé Dádì ti kú ni?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Ó ń sùn ni."

Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sí ihò imú ọkọ rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sún ọwọ́ náà mọ́ ọn sí i, òun náà ò mí. Atẹ́gùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan wá kan ìka rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò gbé ọwọ́ náà kúrò. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń dúró de òmíràn.